Sí Bàámi, Nípa Orúnkún Dípọ̀ Tí Mo Fọ́

Bàámi, ẹni tí mo fi imú jọ,

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù ná, torí ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Mo ti fọ́ orúnkún Dípọ̀. Dípọ̀ ọmọ Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ni mò ń wí, èyí tí ẹ máa ń ṣẹ́ ẹran kù sílẹ̀ fún nínú àwo yín kí ìjà tó dé. Kùmọ̀ tí a fi ń fọ́ kòkó ni mo fi lù ú. Ojú mi là kedere.

Gbogbo ará Ìdànrè ló gbọ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bó ṣe rí gan-an. Ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ yẹn nínú oko, lójú ọ̀nà Atosin? Mo ṣì wà ní ilé-ìwé girama nígbà náà. Ẹ ní kí n lọ pọnmi wá. Nígbà tí mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì omi dé, ẹ ti wà lórí orúnkún kan, Bàbá Kékeré sì dúró lé yín lórí pẹ̀lú irin tí a fi ń gbẹ́lẹ̀. Mo rí irin náà nígbà tó gòkè. Mo gbọ́ ọ nígbà tó balẹ̀ sórí orúnkún yín kejì. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ẹ̀ka gbígbẹ mọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lórí mi. Ẹ̀yin ò ké, èmi ni mo ké. Bàbá Kékeré ju irin nù, ó sá wọgbó, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára ẹ̀wù rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ yín ni.

Nígbà tí àwọn tí oko wọn wà nítòsí gbé yín dé ilé, ẹ sọ fún gbogbo wọn pé ẹ yọ̀ ṣubú lórí àpáta níbi tí a ń sá kòkó sí. Ojú mi ni ẹ ń wò bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ kì í jókòó láì na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn. Bí ẹ bá ń dìde, orúnkún náà á dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ẹ ó sì wúkọ́ kí a má baà gbọ́. A máa ń gbọ́ ọ, Bàámi. Bí àwọn ara ìjọ bá jó lọ síwájú pẹpẹ, ẹ̀yin tí aṣọ funfun yín máa ń gbálẹ̀ nínú ijó, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹ ń jókòó sí, ẹ ń fi ìka kan ṣoṣo jó lórí Bíbélì.

Dókítà tó wo àwòrán eegun yín ní Àkúrẹ́, èmi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún, torí ẹ̀yin ti gbójú sápá kan. Ó ní ohun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi oríkèé ti fọ́ dànù, eegun ló wá ń ha eegun. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò padà hù. Ó ní kì í hù. Ó ní tí awọ bá ya, á jinná, tí eegun bá dá, á so pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan rírọ̀ yẹn kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. “Kì í hù” tó sọ yẹn dùn mí ju irin Bàbá Kékeré lọ. Mo sọ fún ara mi pé èmi ni màá mú un hù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kàwé títí mo fi dé láàbù, ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín, oorun ni ẹ máa ń sùn. Ẹ gbọ́ ọ lónìí. Ẹ mọ nǹkan funfun tó ń dán lórí eegun itan adìyẹ, èyí tí ẹ máa ń rún lẹ́nu kí ẹ tó fa inú eegun mu? Òun náà ni. Kò lè dá hù nínú ihò òfìfo. Ó ń fẹ́ nǹkan tí yóò gùn, bí iṣu ṣe ń fẹ́ igi tí ẹ máa ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Nǹkan tí yóò gùn yẹn ni à ń ṣe ní láàbù wa. Ara awọ màlúù ni a ti ń yọ ọ́. A ó pò ó, a ó jẹ́ kó dì nínú fìrísà, a ó wá fa omi ara rẹ̀ tán títí yóò fi ku pẹlẹbẹ funfun kan tó ní ihò wínníwínní lára bíi kànrìnkàn. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sójú ọgbẹ́ inú oríkèé, ẹ̀jẹ̀ láti inú eegun á rin ín, ẹran tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Bó bá sì ti lágbára, kànrìnkàn náà á jẹrà sínú ara, bí ikán ṣe máa ń jẹ igi iṣu yín kí ẹ tó wa iṣu.

Ṣùgbọ́n ká tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn, ewúrẹ́ ni. Èmi ni mò ń dá ọgbẹ́ náà sí wọn lórúnkún. Wọ́n á fún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á la oríkèé rẹ̀, èmi á wá fi irin gbẹ́ nǹkan tó dára, tó ń dán, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kúrò lójú eegun, ká lè mọ̀ bóyá a lè dá a padà. Ọwọ́ mi mọ́ ọn dé ibi pé ọ̀gá mi, dókítà obìnrin kan tí kì í yin èèyàn, sọ pé òun ò tíì rí ẹni tó mọ ibi tí orúnkún ti ń tètè bàjẹ́ bíi tèmi. Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ náà kí n lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n jẹun.

Ẹ ti kú kí iṣẹ́ wa tó kan èèyàn. Kí n má sì parọ́, kì bá tí ṣe yín láǹfààní. Tiyín ti pẹ́ jù, gbogbo oríkèé ló ti jẹ. Ihò kan, ọgbẹ́ tuntun, lára ẹni tí kò tíì dàgbà, òun ni iṣẹ́ wa lè dí. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mo sì ń ṣèlérí fún yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlérí asán ni? Ṣé ìdí tí ẹ fi ń sùn nìyẹn?

Nígbà ìkórè kòkó tó kọjá ni mo wálé. Mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko ni mo gbọ́ ẹ̀rọ ìgégi. Nígbà tí mo fi máa dé bẹ̀, Dípọ̀ ti dá ìlà kòkó àkọ́kọ́ lulẹ̀, àwọn tí ẹ gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi. Èso ṣì wà lára wọn, tútù àti pípọ́n. Oje igi ń ṣàn nílẹ̀.

“Dípọ̀! Ta ló ní kí o gé e?”

“Àǹtí, ilẹ̀ bàbá mi ni. Mo fẹ́ kọ́lé síbẹ̀.”

“Bàbá ta? Ṣé o ò rí ààlà ni? Ojú ẹ fọ́ ni?”

“Ààlà tí bàbá yín sún.”

“Má dárúkọ bàbá mi, Dípọ̀.”

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ẹ gbọ́ o, Bàámi, ó pa á. Ó gbé e kalẹ̀ sórí ewé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Ó ní, “Bàbá yín ti kú. Kó tó kú gan-an, kò lè rìn dé ibí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ta ló fẹ́ fi lé?”

“Kó tó kú” ló wí. Kò ní “kí wọ́n tó kú.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ajá.

Kùmọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kòkó tí a ti já. Mo gbé e. Ó rò pé mo fẹ́ dẹ́rù ba òun ni, ó tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ó ṣubú lulẹ̀ bí àpò kòkó. Ó ké. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.” Ibí yìí ni mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti wà nílẹ̀. Kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Orúnkún rẹ̀ ká síwájú mi bí ti ewúrẹ́ lórí tábìlì. Mo wò ó. Mo yan ibi tí eegun ti ń gbé èèyàn ró jù, mo fi kùmọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi.

Ìró kan náà ni, Bàámi. Ìró ọjọ́ tiyín. Ara mi yá gágá. Inú mi dùn. Bóyá ìṣẹ́jú kan ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Lẹ́yìn náà ni mo sáré tú gèlè orí mi, mo fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi. Mo pe ọlọ́kadà. A fi Dípọ̀ sáàárín, mo dì í mú lẹ́yìn títí dé ọsibítù ní Àkúrẹ́. Ó ń bì sí ọlọ́kadà lẹ́yìn, ó ń pe ìyá rẹ̀. Kò sí gegele kan lójú ọ̀nà náà tí kò kọjá lára èmi náà.

Mo sọ fún dókítà pé Dípọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgégi tó ń ṣiṣẹ́ kọjú sí mi, mo sì lù ú lẹ́ẹ̀kan péré kí n lè gba ara mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Dípọ̀ sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Ẹni tó ń bá wọn jà ní gáréèjì ni, èmi sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Màámi ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ pé Olúwa yọ mí lọ́wọ́ apànìyàn. Wọ́n jó. Mo jó pẹ̀lú wọn.

Àwòrán orúnkún rẹ̀ fi ihò kan hàn tó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò, níbi tí nǹkan rírọ̀ yẹn ti ṣí kúrò lójú eegun. Dókítà sọ fún Bàbá Kékeré níṣojú mi pé kì í hù.

Lásìkò náà, ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ wa sí orúnkún èèyàn, ìwọ̀nba díẹ̀. Ọgbẹ́ tuntun ló ń wá, ihò kan ṣoṣo, lára ọ̀dọ́. Dípọ̀ bá a mu bí ẹni pé mo fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n kí n tó lù ú. Oorun ò kùn mí mọ́. Mo tún wálé, mo gba ilé Bàbá Kékeré lọ ní ọ̀sán gangan.

Kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán. Ó gbá mi létí, ó fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri títí ẹsẹ̀ mi fi ń wá ilẹ̀. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti fi àdá ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni. Ó fa àdá yọ níbi àjà. “Ẹ̀jẹ̀ ẹ ló máa fọ ilé yìí lónìí!”

Dípọ̀ pariwo láti orí ẹní, “Bàbá! Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó bá wá.”

Ó fi mí sílẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ wa lè ṣe sí orúnkún rẹ̀, mò ń wúkọ́. Dípọ̀ gbọ́ ọ tán.

“Ṣé ó máa jẹ́ kí n rìn dáadáa?”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra fún ẹ.”

“Kí ni ẹ fẹ́ gbà?”

“Mi ò fẹ́ gba nǹkan kan.”

“Èmi fẹ́ gba nǹkan kan. Ẹ sọ fún bàbá mi bí ẹ ṣe lù mí. Kì í ṣe èyí tí ẹ sọ fún ọlọ́pàá o.”

Mo sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ti kú. Ọwọ́ tó nà sí mi. Ìgbà kejì tí mo lù ú. Mo sọ pé inú mi dùn. Nígbà tí mo parí, mò ń dúró de àdá.

Bàbá Kékeré ju àdá sílẹ̀. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi. Bàámi, àpá kan wà níbẹ̀ láti èjìká títí dé ìhà, ó nípọn bí okùn. Ó fi ohùn Ìdànrè sọ ọ́, jẹ́jẹ́, ohùn tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń fi bá ara yín sọ̀rọ̀ kí ìjà tó dé. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣá òun. Ó ní ìjà ti tán, òun ti kẹ́yìn, òun ń lọ sílé. Ó ní òun gba àdá lọ́wọ́ yín, òun tì yín lulẹ̀, nígbà tí ẹ sì ti wà lórí orúnkún tí ẹ ò lè ṣe nǹkan kan mọ́, òun gbé irin.

“Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn yọ̀ lórí àpáta. Èmi ní igi ló ya mí. A jọ parọ́ ni, ọmọ mi. Irọ́ yẹn nìkan la jọ ṣe láti ọjọ́ náà.”

Ṣé òótọ́ ni, Bàámi? Mo ti gbìyànjú láti rò ó pé irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni àpá náà wà. Àdá ẹni tó kọjú síni kì í ba ẹ̀yìn. Ṣé nígbà tí ẹ ń wò mí lójú lọ́jọ́ yẹn, àbúrò yín lẹ ń bò láṣìírí, àbí ara yín? Ọdún mélòó ni mo fi kórìíra ọkùnrin yìí nítorí yín? Kí ló dé tí ẹ kò pè mí jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Mo padà sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Kí o kó ẹrù ẹ kúrò ní láàbù mi lónìí. O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó máa wọ ara ọmọkùnrin yẹn. Tó bá fẹ́ ẹ, àwa la máa bi í, ìwọ ò ní sí níbẹ̀.” Wọ́n bi í. Ó gbà. Ẹlòmíràn ló ṣe kànrìnkàn tí wọ́n fi sí i lórúnkún. Mi ò tilẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, orí bẹ́ńṣì níta lèmi àti Bàbá Kékeré jókòó sí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Wọ́n á kọ́kọ́ gé etí ọgbẹ́ náà kúrò títí wọn yóò fi kan èyí tó dára. Wọ́n á wá lu eegun ní ihò kéékèèké títí yóò fi sun ẹ̀jẹ̀, torí láìsí ẹ̀jẹ̀ náà kò sí ohun tí yóò gùn ún. A gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò náà díẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bàbá Kékeré di etí méjèèjì. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ara Dípọ̀ ò tètè yá. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ju ọ̀pá tó ń kì bọ abíyá lù mí, awọ òkè ìpéǹpéjú mi ya. Ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Kò bẹ̀ mí, mi ò sì ní kó bẹ̀ mí. Mo nu ojú mi, mo gbé ọ̀pá náà, mo fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Àwòrán tí wọ́n yà gbẹ̀yìn fi hàn pé ihò náà ti ń dí. Ọ̀gá mi ò pè é ní ìwòsàn. Ó ní èyí tó hù yẹn ò rí bí èyí tí Ọlọ́run ṣe, ó ṣì lè jẹ, ó ṣì lè ṣí. Ó ní kí Dípọ̀ má sáré lórí òkè. Ṣùgbọ́n ó hù, Bàámi. Nǹkan tí wọ́n ní kì í hù.

Kí wọ́n tó ya àwòrán náà ni mo ti padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá orí mi pé. Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n ti gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù ní Owena, ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí la máa dé iwájú adájọ́.

Lánàá, Dípọ̀ wá sílé wa. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

“Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní Mọ́ńdè. Mo máa wá o.”

“Mo mọ̀.”

“Mo máa sọ gbogbo ẹ̀. Ìkejì yẹn náà.”

“Sọ ọ́, Dípọ̀.”

Ó yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ mọ bí iwájú ilé wa ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó, àpáta lásán ni. Kò di ògiri mú. Kò tiro. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo orúnkún rẹ̀ bó ṣe ń ká, tó ń nà, títí ó fi yà lójú títì.

Wọ́n lè fi mí sẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ Dípọ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì ni yóò fi rìn wá síwájú adájọ́, yóò sì dúró ṣánṣán sọ ohun tí mo ṣe.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tó ṣì fẹ́ràn yín, bí mo tilẹ̀ ti rí àpá ẹ̀yìn Bàbá Kékeré.